Àwọn Alábàárù Guangzhou Ló Ni Ilé Tíì Dim Sum

Ẹni tó bá rìnrìn àjò dé Guangzhou ní Ṣáínà, yálà ọjà ló lọ rà tàbí ó kàn lọ fún ojú lóúnjẹ, kó jí ní kùtùkùtù kó wọ ilé tíì àtijọ́ kan. Yóò bá àwọn àgbàlagbà níbẹ̀ tí wọ́n ti jókòó tipẹ́, ìkòkò tíì lórí tábìlì, apẹ̀rẹ̀ ọparun kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń yọ ooru, ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Yum cha ni wọ́n ń pe ìjókòó yẹn, ìyẹn "mímu tíì". Oúnjẹ inú apẹ̀rẹ̀ ni dim sum. Hong Kong ni ọ̀pọ̀ àjèjì ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Guangzhou ló ti ṣẹ̀, bí mo sì ṣe rí i, àwọn tó ń fi èjìká ru ẹrù ló tẹ̀ ẹ́ dó.

Ọ̀rọ̀ náà dàgbà ju àṣà náà lọ. "Dim" ni kí nǹkan kan nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́, "sum" ni ọkàn. Láyé ìjọba Tang, láàárín 618 sí 907, wọ́n ti ń lò ó fún kéèyàn jẹ nǹkan díẹ̀ kí oúnjẹ gidi tó dé. Àwa náà ní ìpápánu: ẹnu ni tiwa ń pa, ọkàn ni tiwọn ń kàn. Nítorí ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí ni àwọn kan ṣe ń sọ pé àwọn ilé tíì ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ń gbé aṣọ sílíìkì gbà ni dim sum ti bẹ̀rẹ̀. Àríwá ni ọ̀nà yẹn gbà lọ sí ìwọ̀ oòrùn, Guangzhou sì wà ní gúúsù pátápátá, nítòsí òkun. Àwọn mìíràn ní Liang Hongyu, obìnrin ológun ayé ìjọba Song, ló pín àkàrà fún àwọn ọmọ ogun. Ìtàn tó dùn ni, ṣùgbọ́n àkàrà ojú ogun kì í ṣe ilé tíì. Àwọn ará Yangzhou, ìlú mìíràn ní Ṣáínà, náà ní tíì àárọ̀ tiwọn, ó sì lọ́jọ́ lórí, àmọ́ kì í ṣe òun ló ti Guangzhou dé Hong Kong, tó sì wọ ọkọ̀ òkun lọ sí òkè òkun.

Láti 1757 títí di 1842, Guangzhou nìkan ni ọba Ṣáínà gbà kí ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó ti máa ra ọjà. Tíì ń ti orí òkè Fujian bọ̀ lórí èjìká alábàárù àti nínú ọkọ̀ ojú omi, gbogbo rẹ̀ ń wọ ìlú kan ṣoṣo yìí. Nígbà tí ogun tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ṣáínà jà parí ní 1842, èbúté márùn-ún ló ṣí, tíì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba Shanghai àti Fuzhou lọ. Bí mo ṣe rí i, àsìkò yẹn gan-an ni ohun gbogbo yí padà: ẹni tó ti ń fi ẹrù tíì jẹun wá di ẹni tó ń jí wá ibi tí wọn yóò ti gbà á síṣẹ́ òòjọ́. Kò pẹ́ sígbà náà, láàárín 1851 sí 1874, ni àwọn àtíbàbà tíì tí wọ́n ń pè ní "ilé oní-li-méjì" gba ìlú kan.

Li kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún owó fàdákà tí wọ́n ń pè ní tael. Owó fàdákà òyìnbó tó wà níta nígbà náà jẹ́ li 720, nítorí náà owó kan yóò ra tíì lọ́nà 360. Tábìlì pákó àti bẹ́ǹṣì ni wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n kọ "cha wa", ọ̀rọ̀ ìdí tíì, síwájú ilé. Àkàrà kókò, àkàrà ìyẹ̀fun rírọ̀ àti búrẹ́dì ńlá tí wọ́n fi ooru omi sè ni wọ́n ń tà. Títí dòní, "ife kan, ẹyọ méjì" ni wọ́n ń pe ìjókòó náà. Ẹ wo ìwọ̀n yẹn dáadáa. Ìwọ̀n ẹni tó ń ka owó lọ́wọ́ ni. Ààfin kì í ka ẹyọ. Òwúrọ̀ tí wọ́n sì yàn fún un jọ ti ẹni tó fẹ́ kí inú òun gbóná kí ẹrù tó gun èjìká. Ẹni tó bá ti rí bẹ́ǹṣì mai shai wa ní ìdájí, níbi tí ìròyìn iṣẹ́ ti ń kọjá láti ẹnu dé ẹnu, kò ní ṣàì mọ irú ibi tí mò ń wí.

Ọ̀rọ̀ mai shai yìí pàápàá ní ìdílé. Cha ni wọ́n ń pe tíì ní Guangzhou. Àwọn Pọtogí mú un láti Macau, ó di chá tí àwọn ẹbí wa ní Bahia ń pè dòní. Ilẹ̀ ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá, ó di shay, àwọn Hausa sì pè é ní shayi. Te tí àwọn ará Fujian ń pè é ni Dọ́ọ̀ṣì àti Gẹ̀ẹ́sì gbé dé ọ̀dọ̀ wa, tó di tíì.

Lẹ́yìn àtíbàbà ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé, èyí tí wọ́n ń pè ní San Yuan Lou sì wà lára àwọn àkọ́kọ́. Tao Tao Ju dé ní 1880, Lin Heung ní 1889. Tíì òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọ́n ju ti ìsàlẹ̀ lọ, wọ́n sì máa ń wí pé olówó ń gun òkè lórí òkè, aláìlówó ń lóṣòó sílẹ̀. Ní nǹkan bí 1920 sí 1939 ni ìdíje gbóná láàárín àwọn ilé wọ̀nyí, tí àwọn kan ń pààrọ̀ oúnjẹ wọn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Àsìkò yẹn ni har gow, edé inú awọ funfun, jáde ní abúlé kan lẹ́bàá omi níbi tí edé tútù kò ti wọ́n.

Har gow ni wọ́n fi ń dán alásè wò. Kì í ṣe odindi ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n fi ń po awọ rẹ̀, sítáàṣì àlìkámà ni: nǹkan bí gíráàmù 130, pẹ̀lú sítáàṣì ẹ̀gẹ́ 60, iyọ̀ díẹ̀ àti ṣíbí ọ̀rá kan. Omi mìlílítà 250 tó ń hó gùdùgùdù ni wọ́n ń dà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí omi náà bá ti sinmi díẹ̀ lórí tábìlì, sítáàṣì ò ní jinná, awọ á máa fọ́ bí a bá ti ń ká a. Wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ tí wọ́n fi òróró pa tẹ̀ ẹ́ di pẹlẹbẹ, wọ́n ń ṣẹ́ etí rẹ̀ po bíi pílíìtì síkẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán méje, ọ̀gá ń ṣe ju mẹ́wàá lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́fà sí méje lórí ooru omi ti tó. Bí ó bá pẹ́ jù, awọ á ya, edé á le bíi rọ́bà. Bí ó bá sì tutù kí ó tó dé ẹnu, awọ á gan, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́.

Kí Mùsùlùmí tó ń rìnrìn àjò fetí sí èyí: wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sínú edé náà pẹ̀lú ọ̀mùnú ọparun, wọ́n sì ń fi po awọ àkàrà ẹyin tí wọ́n ń pè ní daan taat. Ojú kò lè rí i.

Bí ẹnìkan bá bu tíì fún ọ, fi orí ìka méjì tó tẹ̀ kan tábìlì díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ọba Qianlong ló para dà rìn kiri gúúsù, ó bu tíì fún ìránṣẹ́ rẹ̀, èyí ò sì lè dọ̀bálẹ̀ kí àṣírí ọba má baà tú, ìka rẹ̀ ló bá dọ̀bálẹ̀. Ìtàn lásán ló jọ lójú mi, àmọ́ ìkíni náà wúlò, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kò ní dá ọ̀rọ̀ dúró kó tó dúpẹ́.

Hong Kong dé lẹ́yìn. Ilé tíì Luk Yu ṣí níbẹ̀ ní 1933, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ tì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọrùn gbé àwo kiri, ilé tíì Nom Wah ti wà ní New York láti 1920, ní ọ̀pọ̀ ibi sì ni ọkọ̀ kékeré náà ti kúrò nílẹ̀, tí ìwé kékeré àti pẹ́ńsù gba ipò rẹ̀. Owó tíì ni wọ́n ń kà lórí ẹni kọ̀ọ̀kan kí oúnjẹ tó dé. Omi tíì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ṣan ife àti abọ́, wọn kì í mu ún. Bí omi bá tán nínú ìkòkò, má pe ẹnikẹ́ni: ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀ kó dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó ń gbé omi gbígbóná kiri á rí i.