Graphene le ju irin lọ: kí ló wá dé tó ń ya bí ọ̀rá?

Kí ni graphene gan-an?

Ohun dúdú inú pẹ́ńsù ni, ṣùgbọ́n ìpele kan ṣoṣo lára rẹ̀. Kò nípọn ju átọ̀mù kan lọ, nǹkan bíi 0.34 nanomita. Sẹ́lótéèpù lásán ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Andre Geim àti Konstantin Novoselov, fi ṣí i ní Manchester lọ́dún 2004. Nobel ló bí fún wọn ní 2010.

Tí a bá fà á ńkọ́?

Ẹ wo àwọ̀n apẹja létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Bí ẹni méjì bá fà á, okùn rẹ̀ kì í gùn sí i, ojú rẹ̀ ló ń di tóóró. Graphene náà ní ojú, onígun mẹ́fà, àmọ́ kò sí kókó tó lè yẹ̀ níbẹ̀. Kí ó tó gùn, àfi kí ìdè tó so átọ̀mù mọ́ átọ̀mù nà, ìdè ọ̀hún sì le koko. Ìdí nìyẹn tí líle rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń kọ̀ láti nà, fi tó terapascal 1 (òṣùwọ̀n líle ni terapascal), tí ti irin kò ju nǹkan bíi 0.2 lọ. Èyí tí kò lábùkù lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin gùn sí i kó tó já.

Kí ló dé tí ti láàbù kì í débẹ̀?

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí kò tíì lù, ẹ fà á títí, agídí ni. Ẹ fi eyín ya igun rẹ̀ díẹ̀, ó parí. Orí ibi tó ya ni gbogbo agbára ń kóra jọ sí. Graphene tí wọ́n hù sórí bàbà ní nǹkan bíi 1,000°C ní ojú oríkèé níbi tí ègé pàdé ègé, ó sì máa ń fara ya nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i lọ sórí nǹkan mìíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún yíyọ̀ pẹ̀lú: ẹ lè na pílásítíìkì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, kí graphene má nà tó 1. Iná Raman, ìyẹn iná lésà tó ń fi bí átọ̀mù ṣe ń gbọ̀n hàn, ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má gba ẹ̀rọ tó ń fà á gbọ́. Bó bá nà lóòótọ́, ìlà 2D, ọ̀kan lára àwọn ìlà tí iná yẹn ń gbé jáde, á sún sísàlẹ̀.

Títẹ̀ ńkọ́?

Ẹ tẹ ìwé olójú ewé 60, kí ẹ wo etí rẹ̀: ewé ń yọ̀ lórí ewé, etí á dagun. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ewé náà pọ̀, ó di pákó. Graphene oníìpele kan kò ní ewé kejì tí yóò dí i lọ́wọ́, ó rọ̀ bí aṣọ. Oníìpele púpọ̀ máa ń ranrí bí a bá rọra tẹ̀ ẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, àwọn ìpele á yọ̀, á tún rọ̀.

Bí ẹ bá sì fún un mọ́ra, kì í sún kì, ńṣe ló ń hunjọ. Omi tó há sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣí i lọ sórí nǹkan mìíràn máa ń dá kún ìhunjọ yẹn. Ẹ gbé e dagun kí omi ro tán kí ẹ tó fi ooru gbẹ ẹ́.