Ibi tí omi ń gbà wọ inú pátákó oní-fọ́nrán ewéko

Pátákó tí wọ́n fi fọ́nrán ewéko àti rẹ́sìn (kẹ́míkà olómi tó ń dì le bí ike) ṣe lè le koko lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́ nínú mọ́dù ní Múṣin tàbí Ṣómólú, kí òjò oṣù kẹfà sì tó dá, etí rẹ̀ ti wú, àárín rẹ̀ ti ń tẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní omi ti jẹ fọ́nrán inú rẹ̀. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí fọ́nrán àti rẹ́sìn ti di ara wọn mú ni omi ti ń ṣọṣẹ́.

Bóyá ara èèpo àgbọn tó ń ti Bàdágìrì wọlé ni fọ́nrán náà ti wá o, bóyá ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ohun mẹ́ta ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: cellulose, hemicellulose àti lignin. Méjì àkọ́kọ́ kún fún ibi tí ọ́síjìn àti háídírójìn ti so pọ̀, irú ìsopọ̀ yìí ló sì ń fa omi mọ́ra. Hemicellulose ló ń mu omi jù lára wọn. Rẹ́sìn pọ́líẹ́sítà ní tirẹ̀ kì í sábà mu omi tó ìdá 1 nínú 100 láàárín wákàtí 24. Nítorí náà, bí pátákó bá mu ìdá 8 tàbí 10, ọ̀dọ̀ fọ́nrán àti àwọn ihò tó yí i ká ni ká wò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà wọlé. Ó ń rá pálá gba inú rẹ́sìn fúnra rẹ̀. Èyí kò yára. Ó ń gba inú ihò àti ibi tó sán. Ẹ̀kẹta ló burú jù: ó ń gba etí tí wọ́n fi ayùn gé. Fọ́nrán ewéko ní ihò tóóró nínú, bí wọ́n bá sì gé e tí orí rẹ̀ yọ síta, á máa fa omi wọ àárín pátákó bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Pátákó tí wọ́n kun ojú rẹ̀ méjèèjì dáadáa tí wọ́n sì fi etí rẹ̀ sílẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ omi rárá.

Nígbà tí fọ́nrán bá mu omi, á wú. Rẹ́sìn kò lè wú bá a, torí náà á sán wẹ́wẹ́, omi tuntun á sì tún rí ọ̀nà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, fọ́nrán á gbẹ, á sì sún kì, rẹ́sìn kò ní tẹ̀ lé e, àlàfo á wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ti rẹ àáké sínú omi rí kí èèkù rẹ̀ lè fún mọ̀ ọ́n: lónìí á fún pinpin, bó bá gbẹ tán, á yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fọ́nrán ló ń gbé ẹrù, ṣùgbọ́n rẹ́sìn ló ń gbé ẹrù náà fún un. Tí wọn kò bá di ara wọn mú mọ́, fọ́nrán á kàn yọ jáde láìjá nígbà tí nǹkan bá fa pátákó. Ìdí nìyí tí pátákó tó ti mu omi yó kì í fi í gba gbogbo agbára rẹ̀ padà, bí wọ́n tilẹ̀ sá a gbẹ. Nígbà mìíràn, pátákó tó rin máa ń fara da lílù ju èyí tó gbẹ lọ, nítorí pé ó ti rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn rò pé ó ti dára sí i.

Wíwọn omi náà kò le. Ìlànà ASTM D570, tí wọ́n fi ń wọn bí ike ṣe ń mu omi tó, ní kí wọ́n gbẹ ègé pátákó nínú ófúùnù ní 50°C fún wákàtí 24, kí wọ́n jẹ́ kó tutù nínú ohun tó dé pa, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n rì í sínú omi mímọ́ ní 23°C fún wákàtí 24, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà fún àwọn onímọ́tò dára fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe ásíìdì bátìrì o. Tí ègé tó jẹ́ gíráàmù 20.00 bá di 20.80, omi tó mu jẹ́ 0.80, ẹ pín in pẹ̀lú 20.00, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ó di ìdá 4 nínú 100. Yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Èkó máa ń gbóná ju 23°C lọ, ooru sì ń mú kí omi yára wọlé. Kí wọ́n kọ bí omi ṣe gbóná tó sílẹ̀ pẹ̀lú èsì.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí ni pé wọ́n á dúró ní wákàtí 24 yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi ń wọlé ní ìbámu pẹ̀lú ìlọ́po-kejì-ìpìlẹ̀ (square root) àkókò: èyí tó mu ìdá 1 ní wákàtí 1 á mu ìdá 2 ní wákàtí 4, á mu ìdá 3 ní wákàtí 9, títí á fi yó. Bí pátákó bá sì nípọn ní ìlọ́po méjì, àkókò tí yóò fi yó á di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tó nípọn lè tipa báyìí jọ èyí tó dára lẹ́yìn ọjọ́ kan péré. Kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lọ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n fa èyí tó yó àti èyí tó gbẹ já lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n lè mọ iye agbára tó lọ.

Kí wọ́n tó da rẹ́sìn ni iṣẹ́ gidi wà. Fọ́nrán tó dà bíi pé ó ti gbẹ lọ́wọ́ ní Èkó ṣì lè ní nǹkan bíi gíráàmù 100 omi nínú kílò kan. Omi yẹn á dí rẹ́sìn lọ́wọ́ láti dì dáadáa, á sì fi ihò sílẹ̀. Kọ́sítíìkì sódà tí àwọn aṣeọṣẹ ń lò ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́: gíráàmù 50 nínú omi tó máa jẹ́ lítà 1, fún wákàtí 2 sí 4. Kọ́sítíìkì ni kí wọ́n dà sínú omi, kì í ṣe omi sórí kọ́sítíìkì, torí ó ń gbóná lójijì, ó sì lè ta síni lójú. Ike ni kí wọ́n lò. Kọ́sítíìkì máa ń jẹ alumíníọ̀mù, á sì tú gáàsì tó ń gbaná sílẹ̀. Kọ́sítíìkì yìí ń bọ́ ìda ara fọ́nrán àti púpọ̀ nínú hemicellulose kúrò, ara rẹ̀ á wá ṣàkì, rẹ́sìn á sì rí nǹkan dì mú. Tí ó bá le jù tàbí tó bá pẹ́ jù, á jẹ fọ́nrán fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi omi ṣàn án dáadáa, kí wọ́n fi fínígà díẹ̀ sí omi ìkẹyìn, kí wọ́n gbẹ ẹ́ ní nǹkan bíi 80°C títí ìwọ̀n méjì tó tẹ̀ léra yóò fi dọ́gba, kí wọ́n sì lò ó kó tó tutù tán, torí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ìlú yìí kì í jìnnà.

Kátálíìsì MEKP, kẹ́míkà tó ń mú kí rẹ́sìn bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ìdá 1 sí 2 nínú 100 ìwọ̀n rẹ́sìn ló tó. Kò gbọdọ̀ kan akisẹlérétọ̀ kóbáàtì, èyí tó ń mú kí dídì náà yára, ní tààrà, ó lè bú gbàù. Kí ọ̀kan ti pò mọ́ rẹ́sìn tán kí èkejì tó wọlé. Nígbà tí pátákó bá sì dì tán, gbogbo etí tí ayùn kàn àti gbogbo ihò tí wọ́n lu fún bóòtù ni kí wọ́n fi rẹ́sìn kùn lẹ́ẹ̀mejì.