Iṣẹ́ wo ló wà fún ẹni tó gboyè nínú iṣẹ́ ìròyìn lóde òní?

Ìbéèrè: Wọ́n ní ìwé ìròyìn ti ń kógbá sílé. Ṣé oyè tí mo gbà kò ti di asán?

Ìdáhùn: Kò di asán. Owó ìpolówó tó ń gbé ìwé ìròyìn ró ló ṣí lọ sọ́dọ̀ Google àti Facebook, ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ ìròyìn ṣe ń dín òṣìṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ẹni tó lè tú ọ̀rọ̀ wò, kó bi ènìyàn ní ìbéèrè tó mú ìdáhùn wá, kó sì kọ ọ́ yékéyéké kí àkókò tó tán, wọ́n ṣì pọ̀. Orúkọ iṣẹ́ náà ló yí padà. Ẹni tó bá ń wá ibi tí wọ́n kọ “akọ̀ròyìn” sí nìkan, ọ̀pọ̀ ohun tó tọ́ sí i ni yóò fò dá.

Ìbéèrè: Orúkọ wo ni wọ́n wá ń pè é?

Ìdáhùn: Olóòtú ìròyìn orí ímeèlì wà, aṣàgbéjáde podcast wà, ẹni tó ń tún àkọlé ṣe kí òǹkàwé lè rí ìròyìn lórí Google náà wà. Àjọ aláàánú àti ilé-iṣẹ́ ńlá ń gba èèyàn, àmọ́ ẹ má tan ara yín jẹ: ẹni tó ń sanwó lẹ máa gbẹnu sọ fún níbẹ̀, kì í ṣe aráàlú.

Èyí tó súnmọ́ ohun tí ẹ kọ́ jù, lójú tiwa, ni yíyẹ òótọ́ ọ̀rọ̀ wò. PolitiFact, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń yẹ ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú wò, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007, gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ìròyìn, lọ́dún 2009. Owó ibẹ̀ kò dúró sójú kan ṣá. Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, tó ti ń sanwó fún àwọn tó ń ṣe é, kéde ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé òun yóò fòpin sí i ní Amẹ́ríkà.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ fọ́tò wò gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀dà rẹ̀ tó pẹ́ jù. Ẹ gbé e sínú Google Lens, TinEye àti Yandex, tí wọ́n ń fi fọ́tò wá ẹ̀dà rẹ̀ lórí ayélujára, nítorí ohun tí ọ̀kan kò rí, òmíràn lè rí i. TinEye tilẹ̀ lè to èsì rẹ̀ láti orí èyí tó pẹ́ jù. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á rí èsì kan, wọ́n á mú ọjọ́ orí rẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e síta nìyẹn o. Bí èsì kò bá jáde, ẹ yí apá òsì fọ́tò náà sí ọ̀tún, kí ẹ tún un wá, nítorí àwọn ẹlẹ́tàn máa ń yí i bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bèèrè fáìlì gan-an lọ́wọ́ ẹni tó yà á. WhatsApp àti Facebook máa ń yọ ọjọ́ àti ibi tí kámẹ́rà kọ sínú fọ́tò kúrò, torí náà àìsí wọn kò fi hàn pé irọ́ ni. Ẹ ní kó fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Ẹ wá fi òkè, òrùlé àti oríta inú rẹ̀ wé àwòrán Google Earth, kí ẹ sì fi òjìji rẹ̀ wé ibi tí SunCalc ní oòrùn wà ní ọjọ́ àti wákàtí náà. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ ti fi ojú-ìwé tí ẹ ti rí i pamọ́ sórí Wayback Machine, tó ń tọ́jú ẹ̀dà ojú-ìwé ayélujára. Tí wọ́n bá ti gbúròó yín, wọ́n lè pa á rẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n kọ́ kóòdù kíkọ?

Ìdáhùn: Kò pọndandan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí Excel: títo, yíyọ èyí tí ẹ fẹ́ wò sọ́tọ̀, àti pivot table, tó ń ṣàkópọ̀ ìlà púpọ̀ sínú tábìlì kékeré. Ìlà 1,048,576 ni ojú-ìwé Excel kan ń gbà mọ. Ìgbà tí iṣẹ́ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni SQL, èdè tí wọ́n fi ń wá ohun nínú àkójọ ńlá, tó kàn yín. Ohun kékeré ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́: Excel a máa gé òdo tó ṣáájú nọ́ńbà fóònù, a sì máa ka orúkọ ẹnì kan tí wọ́n kọ lọ́nà méjì sí ènìyàn méjì. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀dà àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Kí ni ẹni tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ yóò fẹ́ rí?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ 5 tó dáa, kì í ṣe 30. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ipa tí ẹ kó níbẹ̀. Bí ẹ bá ń dábàá ìròyìn fún olóòtú, ọ̀rọ̀ 200 sí 300 ti tó: kí ló jẹ́ tuntun, ta ni yóò sọ̀rọ̀, kí lẹ ti ní lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń fi orí-ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ dípò ìròyìn. “Ìṣòro omi nílé ìwòsàn”: orí-ọ̀rọ̀ nìyẹn. “Ilé ìwòsàn kan sanwó ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀mejì, omi kò sì yọ”: èyí, olóòtú á pè yín padà.

Ìbéèrè: Ṣé n kò kúkú lè dá dúró lórí YouTube?

Ìdáhùn: Ẹ lè dá dúró. Kí YouTube tó pín owó ìpolówó fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ ní alábàápín 1,000, kí ẹ sì tún ní yálà wákàtí ìwòran 4,000 láàárín oṣù 12, tàbí kí wọ́n wo fídíò kúkúrú yín nígbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Substack, tí wọ́n fi ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí alábàápín lórí ímeèlì, kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó alábàápín ló ń yọ, ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gba owó náà wọlé á sì tún yọ tirẹ̀. Alábàápín YouTube kò ṣeé kó lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ímeèlì àwọn òǹkàwé Substack ṣeé kó jáde bíi fáìlì CSV, tí Excel lè ṣí. Ẹ máa kó o jáde lóṣooṣù.