Iṣẹ́ míṣọ́n Kristẹni àti ìrìn-àjò àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́

Iṣẹ́ míṣọ́n láàárín ẹ̀yà mìíràn ni iṣẹ́ tí àwọn Kristẹni ń ṣe nígbà tí wọ́n bá gbé ìyìnrere kọjá ààlà èdè, àṣà àti ìlú tiwọn. Láyé àtijọ́, ẹni tí ìjọ rán ló máa ń rìn, àwọn tó fẹ́ wàásù fún a sì wà nílé wọn. Ìyẹn ti yí padà. Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, nǹkan bí 281 mílíọ̀nù ènìyàn ló ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tiwọn. Oníwàásù àti ẹni tí à ń wàásù fún ló jọ wà lójú ọ̀nà báyìí.

Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà lára àwọn ìlú Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ níbẹ̀ jù lọ. Àwọn míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ti fi ibẹ̀ ṣe ibùdó láti 1855. Láti ibẹ̀ náà ni àwọn oníṣòwò ti gbé ìjọ dé Jos, Kánò, Tamale ní Gánà àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, láìjẹ́ pé àjọ kan rán wọn. Àpilẹ̀kọ yìí yóò pẹ́ díẹ̀ lórí àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, nítorí pé ìlà kan tàbí méjì ni ìtàn míṣọ́n sábà máa ń fi sọ tiwọn.

## Àwọn tó rìn ṣáájú

Púpọ̀ nínú àwọn tó mú ẹ̀sìn Kristẹni wọ ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tàbí ọmọ irú wọn. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn ní agbègbè Ìsẹ́yìn, bọ́ sọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e dé Freetown ní 1822. Wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní 1825, ó di àlùfáà ní 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun sì ni aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Samuel Johnson, tí wọ́n bí ní Hastings ní Sierra Leone ní 1846, ló ṣe àlùfáà ìjọ CMS (Church Missionary Society, àjọ míṣọ́n ìjọ Áńgílíkà) ní ìlú Ọ̀yọ́ títí ó fi kú ní 1901. Ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ òun ló jókòó ti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ tó sì kọ ìtàn Yorùbá sílẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ kún fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, tí àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wá fara pamọ́ sínú odi Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlú tí àwọn míṣọ́nárì wá bá lẹ́yìn náà jẹ́ ìlú tó ti mọ bí a ṣe ń gba àlejò.

## Bowen

Thomas Jefferson Bowen, ọmọ ìpínlẹ̀ Georgia, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹjọ ọdún 1850. Southern Baptist Convention ló rán an. Àjọ yìí dá dúró ní 1845, nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà pínyà lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, tí àwọn ti Gúúsù sì gbè sẹ́yìn àwọn tó ní ẹrú. Kò tọ́ kí a fo èyí dá nínú ìtàn náà: àwọn tó ń dá owó kí ìyìnrere lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá nílé ni wọ́n fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fi ènìyàn dúdú ṣe ẹrú lọ́dọ̀ wọn.

Ìgbòho ni Bowen ń lọ, ọ̀nà kò sì là. Ó ṣe àtìpó ní Abẹ́òkúta, ó kọ́ èdè Yorùbá níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìjàyè lábẹ́ Kúrunmí. Ní 1855 ó dé Ìlọrin, wọn kò gbà á láyè láti fìdí kalẹ̀, ó sì wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọdún kan náà. Àìsàn lé e padà sí Amẹ́ríkà ní 1856. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní 1858 lábẹ́ Smithsonian Institution.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará ilé. Wọ́n rán an lọ sí Brazil. Ní Rio de Janeiro ó bá àwọn ọmọ Yorùbá pàdé nínú oko ẹrú, ó sì ń fi èdè wọn bá wọn sọ̀rọ̀. Òyìnbó tó ń bá ẹrú sọ èdè tí àwọn olówó wọn kò gbọ́ kó ìfura bá àwọn aláṣẹ ìlú náà. Èyí àti àìlera rẹ̀ ló mú kí iṣẹ́ náà forí ṣánpọ́n, ó sì padà sílé.

## Ìgbà tí àwọn òyìnbó kò sí

Ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1862, pa ìlú Ìjàyè run, ó sì dí ọ̀nà tó wọ àárín ilẹ̀. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1861, owó tó ń ti ibẹ̀ wá dáwọ́ dúró. Àwọn míṣọ́nárì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Èkó, Sarah Harden, opó oníwàásù aláwọ̀ dúdú kan, ló di ìjọ mú. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn onígbàgbọ́ ọmọ ìlú ni.

Ní 1875, W. J. David àti W. W. Colley wá láti tún iṣẹ́ náà gbé dìde. Aláwọ̀ dúdú ni Colley, nígbà tó sì padà sí Amẹ́ríkà, ó wà lára àwọn tó dá àjọ míṣọ́n àwọn Onítẹ̀bọmi aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní 1880. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé ọwọ́ lé Moses Ladejo Stone, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, lórí gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Awuyewuye tó wáyé láàárín òun àti David lórí owó iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó fa ìyapa ìjọ Onítẹ̀bọmi Èkó ní 1888, tí Native Baptist Church fi dá dúró lábẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń jà lé lórí, pé ta ni ó ni ìjọ tí àlejò dá sílẹ̀, tún jẹyọ ní Gánà nígbà tó yá, àwọn Yorùbá sì ni àlejò lọ́tẹ̀ yìí.

## Ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn

C. E. Smith bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1898. Òun ló di Nigerian Baptist Theological Seminary. George Green, dókítà, dé ní 1907, ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi sì ṣí ilẹ̀kùn ní 1923. Láti 2009 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen, èyí tó wà ní Ìwó tó sì ń jẹ́ orúkọ míṣọ́nárì àkọ́kọ́ náà.

## Àwọn oníṣòwò tó gbé ìjọ lọ

Ọkọ̀ ojú irin kò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, àmọ́ nígbà tó dé Kánò ní 1911, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ bá a lọ. Wọ́n tẹ̀ dó sí Òkè Ọya: Minna, Zaria, Kàdúná, Kánò, Jos. Àwọn mìíràn gba ìhà ìwọ̀-oòrùn lọ sí Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Àjò wọn wọ ìgbésí ayé ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè ya ìtàn ìlú kúrò lára rẹ̀. Samuel Ladoke Akintola, tí wọ́n bí ní 1910, lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀ ní Minna níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò. Jos ni Ọba Oladunni Oyewumi, Ajagungbade Kẹta, ti ń ṣòwò kí ó tó gorí ìtẹ́ Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, ní 1973. Ìwé ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ tí N. D. Oyerinde kọ, Jos ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1934.

Bí ìjọ wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kò mú ariwo lọ́wọ́. Ẹni méjì, ẹni mẹ́ta, á péjọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ní yàrá ẹni tí ilé rẹ̀ gba èrò, tàwọn ti Bíbélì Yorùbá àti ìwé orin. Bí wọ́n bá pọ̀ sí i, wọn á dá owó, wọn á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, wọn á kọ́ ilé àdúrà, wọn á sì kọ̀wé sílé pé kí wọ́n bá àwọn wá olùṣọ́-àgùntàn. Èrè ọjà ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Àwọn obìnrin tó ń pàtẹ lọ́jà ni òpó ọ̀pọ̀ ìjọ bẹ́ẹ̀, bí orúkọ wọn kò tilẹ̀ sí lára ògiri. Ìjọ náà tún ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú: ibẹ̀ ni àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń rí ilé gbé, tó ti ń rí ẹni bá a wá iṣẹ́, tí wọ́n ti ń sìnkú ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí.

Àléébù rẹ̀ wà nínú agbára rẹ̀. Àwọn ìjọ wọ̀nyí kọjá ààlà ilẹ̀, wọn kì í sábà kọjá ààlà èdè. Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin. Haúsá, tàbí Dagomba ti àríwá Gánà, tó bá yà wọlé kò ní gbọ́ ju Àmín lọ. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti fi èdè onílẹ̀ náwó nájà láti ọjọ́ Ajé títí dé Àbámẹ́ta ń wá ibi tí yóò ti gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nípa ti iṣẹ́ míṣọ́n, ìdajì ọ̀nà ni èyí. Ìdajì kejì béèrè fún ìpinnu, bíi ilé-ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi ní Kawo, Kàdúná, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn oníwàásù apá Òkè Ọya.

## Gánà, 1969

Àwọn Yorùbá ló dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ ní àríwá Gánà sílẹ̀: ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ọ̀fà àti Èjìgbò. Abẹ́ àjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà ni wọ́n wà kí ti Gánà tó dá dúró ní àwọn ọdún 1960.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àṣẹ náà bá ni wọ́n bí síbẹ̀, wọn kò sì mọ Nàìjíríà rí. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ilé àwọn ẹbí tí wọ́n ń kọ̀wé sí tẹ́lẹ̀ ṣe di ibi tí wọ́n ń sùn sí kì í ṣe ohun tí Ògbómọ̀ṣọ́ gbàgbé.

Ní ti ìjọ, ọ̀pọ̀ ilé àdúrà ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ibi tó jẹ́ Yorùbá nìkan ló ń jọ́sìn ní tirẹ̀, kò ku ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn. Ibi tí wọ́n ti ń fi èdè onílẹ̀ kọ́ni, tí àwọn ọmọ Gánà sì ti ń ṣe díákónì, ìjọ kò dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ Gánà ló wá di olórí, wọ́n sì mú un dàgbà lọ́nà tiwọn. Lójú ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ó yà iṣẹ́ míṣọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọ àwọn ará àjò, ọ̀rọ̀ Gánà ni ẹ̀rí tó lágbára jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà.

Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Gánà àti àlejò mìíràn ní 1983, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà, ti ṣe àdéhùn ìrìn-àjò fàlàlà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1979.

## Lókè òkun

Àwọn Aládùúrà ló kọ́kọ́ gbé ìjọ Yorùbá fìdí múlẹ̀ ní London, ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú àwọn tó ń lọ. Redeemed Christian Church of God, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ridíìmù, tí Josiah Akindayomi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1952, tẹ̀lé wọn láti ìparí àwọn ọdún 1980, ó sì tàn ká Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìpín nínú èyí lọ́nà tí kò ṣẹlẹ̀ rí: Ọba Ghandi Afolabi Olaoye, tó di Ṣọ̀ún ní 2023, ti jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn Ridíìmù ní agbègbè Washington. Ọba méjì tẹ̀ léra wọn, àjò ni wọ́n ti pe àwọn méjèèjì wálé.

Àwọn onímọ̀ míṣọ́n máa ń ya iṣẹ́ yìí sí ọ̀nà mẹ́ta: iṣẹ́ sí àwọn aṣíkiri, iṣẹ́ láti ọwọ́ àwọn aṣíkiri sí ara wọn, àti iṣẹ́ láti ọwọ́ wọn sí àwọn onílẹ̀. Èyí kẹta ló ṣòro jù. Àwọn ìjọ Nàìjíríà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n sọ pé àwọn wá dá ìyìnrere padà fún àwọn òyìnbó tó mú un wá, ṣùgbọ́n bí a bá wo orí àga, ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, tí Yorùbá wọn kò dán mọ́, ló ń mú kí wọ́n yí èdè ìsìn padà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi ṣe é báyìí. Òfin ìwọ̀lú náà ń pinnu. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, ó sì dín iye ìdílé tó ń já pa gba ọ̀nà yẹn kù.

## Àlejò inú ilé

Fúlàní ń gbé ní àwọn gáà tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká láti ìran dé ìran, Haúsá wà ní Sábó, yunifásítì LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, sì ń kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti ibi gbogbo. Iṣẹ́ láàárín àwọn Fúlàní ló gba sùúrù jù. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ Mùsùlùmí, èdè wọn ni Fulfulde, wọ́n sì ń ṣí kiri pẹ̀lú ẹran. Láti ìgbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti fòfin de dída ẹran kiri ní 2019, tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran sì ti le sí i, ìfura ti pọ̀ láàárín gáà àti ìlú. Ẹni tó bá mú Bíbélì lọ síbẹ̀ láìgbọ́ Fulfulde, tí kò sì mọ ohun tó ń ṣe ẹran, ìjókòó rẹ̀ kì í pẹ́. Àwọn tó dúró pẹ́ níbẹ̀ sábà máa ń fi omi kànga, ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn àti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé bẹ̀rẹ̀.