Ìdí tí ṣúgà kì í fi í yòrò nínú ṣokoléètì tó ti yọ́

Ṣokoléètì tí wọ́n bá kọ 85% sí lára, kòkó ló kó ìdá 85 nínú 100, ṣúgà sì ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù. Abájọ tó fi korò. Bó bá ti yọ́ tán nínú abọ́, ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni ká bu ṣúgà sí i. Àmọ́ bó ti wù ká rò ó tó, ṣe ni yóò máa rún lábẹ́ eyín bíi gààrí tí iyanrìn bọ́ sí.

Inú omi ni ṣúgà ti ń yòrò, kì í yòrò nínú ọ̀rá. Ọ̀rá kòkó sì ni ohun tó ń ṣàn nínú abọ́ yẹn. Omi kò sí níbẹ̀. Ṣúgà tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ gan-an kò yòrò: ẹ̀rọ ló lọ̀ ọ́ kúnná títí ahọ́n ò fi mọ̀ ọ́n mọ́.

Ṣé ká wá bu omi sí i ni? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ wo èlùbọ́: bí omi díẹ̀ bá ta sí i, ṣe ló ń ṣù ní kókó, bí omi bá tó o, á jọ̀lọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣokoléètì rí. Ẹ̀kán omi díẹ̀, oyin ṣíbí kékeré kan, kódà ooru tó ń rú láti inú ìkòkò tí a gbé abọ́ lé, ti tó láti mú kó dì gbagidi mọ́ ṣíbí.

Ohun tó dára jù ni kí ṣúgà ti yòrò kó tó débẹ̀. Ká gbé mílíìkì kaná pẹ̀lú ṣúgà, ká máa rò ó títí ṣíbí kò fi ní gbọ́ hóró kankan nísàlẹ̀ ìkòkò mọ́, ká wá dà á gbígbóná sórí ṣokoléètì tí a ti gé wẹ́wẹ́. Fún 100 gíráàmù ṣokoléètì, kí mílíìkì má dín sí ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Yóò dán, yóò ki, yóò sì dùn lórí kéèkì, ṣùgbọ́n kò ní le padà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó le, ṣokoléètì onímílíìkì ni kó yọ́ mọ́ ọn, torí ṣúgà tiẹ̀ ti kúnná láti ilé iṣẹ́. Áísìn ṣúgà tí a jọ̀ dáadáa náà ṣeé lò bí kò bá pọ̀.

Iyọ̀ díẹ̀ bíńtín máa ń dín ìkorò kù, nítorí náà ká kọ́kọ́ fi í sí i ká tó wá ṣúgà kún un.

Èyí tó bá sì ti dì kò tíì bàjẹ́. Ká máa fi mílíìkì gbígbóná sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ká máa rò ó, títí yóò fi tú.