Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń gba "when"

Ọmọ àbúrò mi gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Saturday is the day which I like most." Wọ́n fi bíró pupa fagi lé "which", wọ́n kọ "when" sókè rẹ̀, wọ́n yọ máàkì kan. Ọmọ ọ̀hún tọ̀nà. Bíró pupa ló ṣìnà.

Orin tí wọ́n kọ́ èmi náà ní pírámárì nìyẹn: èèyàn, "who"; ibi, "where"; àsìkò, "when". Ó rọrùn láti há sórí, ìyẹn ni kò fi kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ká rí "day" tàbí "year" kò tó. Iṣẹ́ tí ọjọ́ náà ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e la ó wò.

Ohun tó ń dí wa lójú ni pé "tí" kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò. "Ọdún tí wọ́n bí mi", "ọdún tí mi ò lè gbàgbé": "tí" náà ni. Ẹ wá tú wọn palẹ̀. Wọ́n bí mi ní ọdún yẹn. "Ní" wà níbẹ̀, kódà bí ẹ bá pè é ní "lọ́dún yẹn", inú "lọ́dún" ló fara pamọ́ sí. Níbi tí "ní" bá wà, "when" lè dúró: "the year when I was born". Èkejì ńkọ́? Mi ò lè gbàgbé ọdún yẹn. Ẹ wá "ní" títí, ẹ ò ní rí i. Àbọ̀ (object) ni ọdún níbẹ̀, "which" tàbí "that" ló ni ín. Mo fẹ́ràn Sátidé: kò sí "ní".

Ọjọ́ tún lè jẹ́ olùwà (subject). Ní December 7, 1941, Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà; nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ààrẹ Roosevelt ti Amẹ́ríkà pe ọjọ́ tí wọ́n ju bọ́ǹbù náà ní "a date which will live in infamy". Ẹ fi "when" síbẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa "live".

Mi ò sọ pé tíṣà náà ò nídìí. "The year which I was born", láìsí "in", àṣìṣe gidi ni, bóyá òun ló ń sá fún. "That" sì ń gba ibi méjèèjì, a tiẹ̀ lè yọ ọ́: "the day I came". Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ tó ń múra ìdánwò, ẹ kìlọ̀ fún un: bó bá rí "day" nínú ìbéèrè, kó kọ́kọ́ wá "ní" kó tó fọwọ́ kan "when".