Ìtàn Bí Pọ́ǹpù Ẹrẹ̀ Ṣe Wọ Ẹ̀wù Inú

Òkúta funfun tó gbé wúrà sínú ní Ìpẹ́ríndó àti agbègbè Iléṣà, kúọ́ọ̀sì ni. Ọ̀bẹ kò lè ha á lára. Òun ló máa ń ha ọ̀bẹ. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, tí wọ́n bomi lé e, tó di ẹrẹ̀, tí wọ́n wá ní kí pọ́ǹpù gbé e, irin ló máa jìyà ọ̀rọ̀ náà. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù l'Óṣogbo, ẹ ní kí wọ́n fi ìmpẹ́là tó ti kùsà dé hàn yín, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú pọ́ǹpù. Ẹ̀yìn rẹ̀ á ti lu, etí rẹ̀ á ti tín-ín-rín débi tó lè gé èèyàn lọ́wọ́, ibi tí iyanrìn sì ti jẹ ẹ́ jù lọ á máa dán gbinrin. Pọ́ǹpù omi kànga ni wọ́n rà fún iṣẹ́ iyanrìn. Kí ni wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Omi ni wọ́n kúkú ṣe pọ́ǹpù oníabẹ̀bẹ̀ fún látilẹ̀. Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe tiẹ̀ ní 1689. Ní 1851, níbi ìpàtẹ ńlá ìlú London, John Appold fi hàn pé bí abẹ̀bẹ̀ bá tẹ̀ kọrọdọ, omi tó máa gbé á pọ̀ gan-an ju ti èyí tó nà tọ́ọ́rọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó ń ro ti iyanrìn nígbà yẹn. Nígbà tí àwọn oníkùsà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ gbé òkúta lílọ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni pé kí irin náà nípọn sí i. Ìyẹn kàn fi ikú rẹ̀ falẹ̀ ni.

Robert Hadfield ti ìlú Sheffield wá mú irin onímáńgánísì jáde ní 1882. Irin àrà ni: bí wọ́n bá ṣe ń lù ú tó, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i. Ó wúlò fún ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta àti fún ìkóríta ojú irin rélùwéè. Ṣùgbọ́n iyanrìn inú pọ́ǹpù kì í lu irin bẹ́ẹ̀; ṣe ló ń yọ́ gba ara rẹ̀ kọjá, ó ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, líle irin náà kò sì ní jí. Títí di òní, àwọn ọlọ́jà kan ṣì máa ń fi orúkọ irin yìí polówó fún ẹni tó ń wá pọ́ǹpù iyanrìn. Èmi ò ní rà á.

Irin funfun, irú irin dídà kan tí wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dù, ló jọ pé ó gbọ́ èdè iyanrìn. Nínú irin dídà lásán, èédú inú rẹ̀ dúró lọ́tọ̀, ó sì rọ̀. Nínú irin funfun, èédú yẹn ti lẹ̀ mọ́ irin, ó di hóró líle káàkiri inú rẹ̀. Iléeṣẹ́ International Nickel fi nííkẹ̀lì bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún àti kúróòmù bí ìdá 2 kún un, wọ́n pè é ní Ni-Hard. Ó dára, ṣùgbọ́n hóró inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le ju kúọ́ọ̀sì lọ. Ìgbà tí wọ́n gbé kúróòmù náà dé bí ìdá 27 ni èédú kúrò lọ́dọ̀ irin, tó lọ fẹ́ kúróòmù, hóró tí àwọn méjèèjì sì bí le ju òkúta wúrà wa yìí lọ.

Ọ̀nà kejì kò tilẹ̀ bá líle lọ. Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i ní 1839 pé bí wọ́n bá fi imí-ọjọ́ àti iná se rọ́bà, kì í yọ́ nínú oòrùn mọ́, kì í sì í gan nínú òtútù. Bí hóró iyanrìn kékeré bá kọ lu irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, rọ́bà á tẹ̀ fún un, á sì tì í padà. Kò sóhun tó họ.

Kalgoorlie ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, ìlú kùsà wúrà kan ní ìwọ̀-oòrùn Australia. Ní 1938, Charles Harold Warman gbé pọ́ǹpù kan jáde níbẹ̀. Òde rẹ̀ jẹ́ irin lásán tó pín sí méjì, bóòtù ló so wọ́n pọ̀. Inú rẹ̀ ló wọ ẹ̀wù: rọ́bà tàbí irin líle, bó bá ṣe wu oníṣẹ́. Bí iyanrìn bá jẹ ẹ̀wù náà tán, wọn á tú bóòtù, wọn á bọ́ ọ, wọn á wọ òmíràn fún un, òde rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ọgbọ́n yìí ju irin èyíkéyìí lọ, torí ó gbà pé ohun tí iyanrìn máa jẹ, á jẹ ẹ́.

Èwo wá ni ká wọ̀ fún un? Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìkan tó láti fi ṣàlàyé. Iléeṣẹ́ irin Òṣogbo, tí ìjọba kọ́ pẹ̀lú ti Jos àti Katsina kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè máa yí 210,000 tọ́ọ̀nù irin lọ́dún, iléeṣẹ́ irin Aládjà ní ìpínlẹ̀ Delta ló yẹ kó ti máa gba irin rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń yí irin pípọ́n, èèpá dúdú máa ń bó lára rẹ̀ sínú omi tí wọ́n ń tú lé e, gíríìsì ẹ̀rọ á sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Omi náà gbóná, ó lóróró, èèpá inú rẹ̀ sì mú. Òróró á mú kí rọ́bà wú, ooru tó bá ju bí 70°C lọ á bà á jẹ́, èèpá á gé ìyókù. Irin olókúróòmù ni tibẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta wúrà tí wọ́n lọ̀ di lẹ́búlẹ́bú, bí irú èyí tí wọ́n ń lọ̀ ní kùsà Ṣẹ̀gilọlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wúrà ní 2021, kò gbóná, kò lóróró. Rọ́bà lè pẹ́ níbẹ̀ ju irin lọ, bí òkúta ńlá kò bá ṣèèṣì bọ́ sí i.

Eré pọ́ǹpù náà sì tún wà níbẹ̀. Bó bá fi ìlọ́po méjì yára sí i, jíjẹ rẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí pọ́ǹpù ẹrẹ̀ fi máa ń tóbi, tó sì ń yí jẹ́jẹ́.

Irin olókúróòmù náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí wẹ́dà bá fi iná jó o láti dí ihò, ó lè sán. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ léèdì kò rọrùn láti fi gé e. Òkúta ìlọrin ni wọ́n fi ń dán an. Ihò oníyíyí tí ọ̀pá pọ́ǹpù máa wọ̀ ńkọ́? Wọ́n á ti fi irin rírọ̀ kan sí àárín mọ́ọ̀dù kí wọ́n tó da irin líle yí i ká. Bó bá tutù tán, inú èyí tó rọ̀ yẹn ni wọ́n á ti gé ihò náà.